Ẹ̀kọ́ lórí Ìlera Àwọn Tí Kò Ní Ilé

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Mowe àti Ibafo, tàbí tí ó ná ọjà Ìfọ̀, a máa rí àwọn tí ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ àti ní ẹ̀bá ọ̀nà. Kíá ni àwa a sì wí pé, “Wèrè ni.” Ẹ jẹ́ kí á wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Èkíní: Kì í ṣe gbogbo aláìnílé ni orí rẹ̀ dàrú. Àìrí owó ilé san a máa sọ ènìyàn di aláìnílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òrùlé, ẹ̀fọn ni yóò máa jẹ ẹ́, òjò ni yóò máa pa á. Egbò rẹ̀ kì í tètè jinná, nítorí kò rí omi fi wẹ̀ ẹ́. Àìsùn, ebi àti ìtìjú, bí wọ́n bá pẹ́, a máa ba ọkàn jẹ́. Àrùn ọpọlọ a máa lé ènìyàn kúrò nílé, àìnílé a sì tún mú àrùn náà le sí i.

Èkejì: Àrùn náà ní ìtọ́jú. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aró. Kò sé gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ìbátan kọ̀ọ̀kan a sì bá aláìsàn rẹ̀ wá. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá ènìyàn gbé. Ẹ kíyèsí i: ilé àti ará wà lára ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn Aró ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ẹ̀kẹta: Òfin ti yí padà. Òfin àtijọ́ ti 1916 ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí a ó tì mọ́lé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù January 2023, fún un ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ọ̀wọ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í ṣe oògùn.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ òkò lù wọ́n. Ẹ fún wọn ní omi àti oúnjẹ. Ẹ bèèrè orúkọ àti ìlú wọn, nítorí orúkọ ni a fi ń wá ìbátan rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí. Nígbà tí ara bá sì yá, ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn dá oògùn dúró láìgba àṣẹ dókítà, kí ẹ sì fún un ní ibi tí yóò sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgboro ni yóò tún padà sí.

Àwọn àgbà ní, “Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.” Ẹni tí a ń wò yìí, ẹnìkan ni ó bí i.