Páìpù Omi Inú Ilé: Ti Ike Ni Tàbí Ti Bàbà?



Ìwé ẹ̀yáwó kan ló bí ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé tún padà wá, ilé ọ̀hún ò tíì pé ọdún méjì. Ó fẹ́ fọ́ ògiri balùwẹ̀ kó lè pààrọ̀ páìpù. Plọ́mbà ti so PVC lásán mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ó ní ì bá ṣe pé bàbà ni wọ́n fi ṣe é ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. A gbọ́ tirẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣiríṣi ni ike. PVC tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, omi tútù ni tirẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá gbóná ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ, á rọ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á sì máa jò. CPVC, tí lẹ́tà kan péré fi gùn jù ú, lè gbé omi gbóná. PPR náà lè gbé e. Iná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ní nǹkan bí ìwọ̀n 260. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páìpù kí ẹ tó sanwó. PN 20 lágbára ju PN 10 lọ. Èyí tí kò ní ìkọ̀wé kankan lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, jàre.

Bàbà ńkọ́? Omi gbóná kò lè ṣe é ní nǹkan, eku kò lè jẹ ẹ́, oòrùn kò sì lè sọ ọ́ di gbígbẹ bó ṣe ń ṣe PVC tó wà níta láti orí táǹkì. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, àwọn plọ́mbà wa tó mọ̀ ọ́n jó pọ̀ dáadáa kò pọ̀, olè sì fẹ́ràn rẹ̀. Òjé tí wọ́n fi ń jó o tẹ́lẹ̀ léwu fún ẹni tó ń mu omi náà. Amẹ́ríkà ti fòfin dè é láti 1986.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni irú omi tí ẹ ní. Orí àpáta ni Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Adó-Èkìtì wà, omi kànga irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń kan díẹ̀, bẹ́nu ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Omi tó kan máa ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀, á kọ́kọ́ fi àwọ̀ aró sára básíà, lẹ́yìn náà á lu páìpù ní ihò wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yín wò. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní pH ni kí ẹ bèèrè. Bó bá wà nísàlẹ̀ 6.5, ẹ má náwó sórí bàbà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà rẹ́ ògiri títí plọ́mbà yóò fi fi ẹ̀rọ ti omi sínú páìpù, tí yóò sì wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú láìjò.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn ti fi PPR pààrọ̀ tirẹ̀. Nínú ẹ̀yáwó tó gbà, owó táìlì àti ti bíríkìlà ló pọ̀ jù. Owó páìpù ló kéré jù níbẹ̀.