Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Oṣù: Kí A Tó Yá Owó Ẹgbẹ́ Lọ sí Thailand

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ìrìnàjò sí òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kà á sókè ní ìpàdé, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè gbọ́, kí gbogbo wa sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tó fa ẹ̀kọ́ yìí

Ní ẹgbẹ́ wa ní Dópẹ́mú, ènìyàn méjì ló wá béèrè ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ: Bangkok, olú-ìlú Thailand. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé. Ó fẹ́ lọ ra ọjà ní Pratunam, ọjà aṣọ ńlá tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà ti ń ná tipẹ́. Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ajẹ́ńtì kan ló sọ fún un pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń dúró dè é níbẹ̀, pé ilé àti oúnjẹ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́, pé owó físà àti owó ọwọ́ ajẹ́ńtì nìkan ló kù.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ dùn létí wa. Ìyá aláṣọ ni a ń da ìbéèrè bò. Owó oṣù tí ọmọ náà yóò máa gbà ni à ń rò, a kò ro ọ̀nà tí yóò gbà dé ìdí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí a buwọ́ lùwé. Ohun tó dá wa dúró, a óò sọ ọ́ níwájú.

Irú físà wo?

Ẹni tó bá ń lọ sí Kútọnu tàbí Lomé mọ̀ pé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láyè láti wọlé láìní físà, ká sì lò tó 90 ọjọ́. Thailand kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ óò gbà á tí ẹ bá balẹ̀, irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Thailand wà ní Abuja, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè físà báyìí.

Físà ìbẹ̀wò máa ń fún ni ní 60 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi 30 ọjọ́ kún un yóò lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n níbẹ̀, yóò sì san 1,900 bahti, èyíinì ni owó ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n físà ìbẹ̀wò kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Thailand nílò físà mìíràn, ó tún nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ tó lórúkọ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi iṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ yóò san owó ìtanràn, wọn yóò sì lé e padà wálé. Nítorí náà, ohun tí a ń lọ ṣe gan-an ni kí a kọ sínú ìwé ìbéèrè.

Àwọn ìwé tó yẹ kó pé

1. Pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì kù tó oṣù 6, ó kéré tán.

2. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé ibi tí a óò sùn, àti ìwé báńkì tó fi owó wa hàn. Ní ẹnu ìwọlé, wọ́n lè ní kí ẹni tó mú físà ìbẹ̀wò lọ́wọ́ fi 20,000 bahti hàn, tàbí owó mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀.

3. Yẹ́lò káàdì. Thailand ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò ni kí a gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016 ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Ọ̀dọ̀ Port Health Services ni kí a ti gba káàdì. Èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà láìgún abẹ́rẹ́ kò ní gbà wá lọ́wọ́ àìsàn, kò sì ní gbà wá lọ́wọ́ òfin.

4. Ìwé ìwọ̀lú orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Thailand bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Láàárín ọjọ́ 3 ṣáájú ìgúnlẹ̀ ni a ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ajẹ́ńtì tó bá ní kí ẹ san owó ìjọba lórí rẹ̀ ń jẹ yín ní.

Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un yóò san 500 bahti lójoojúmọ́, títí dé 20,000. Bí ó bá ju 90 ọjọ́ lọ kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé, wọ́n lè máà jẹ́ kó wọ ìlú wọn mọ́ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdẹkùn tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀fẹ́

Ní ìpàdé ọjọ́ náà, ìyá kan tó fẹ́ ṣe onídùúró fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ọmọ mi, kí lorúkọ ilé iṣẹ́ náà?” Ó dáhùn pé, “Mà, ajẹ́ńtì ní tí mo bá débẹ̀ ni màá mọ̀.” Gbogbo wa dákẹ́. Irú físà wo ni? Físà ìbẹ̀wò. Ta ni yóò pàdé rẹ̀? Awakọ̀ kan. Níbo ni yóò gbé e lọ? Kò mọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀daràn ti kọ́ àwọn ọgbà olódi gíga sí ẹ̀bá odò Moei, tó pààlà láàárín Thailand àti Myanmar. Wọn a gbé ẹni tó balẹ̀ sí Bangkok lọ sí Mae Sot, ìlú ẹnubodè, wọn a sì gbé e sọdá sí apá Myawaddy. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n sì ń fipá mú ènìyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà láti máa lu àjèjì ní jìbìtì. Ẹni tó bá kọ̀, ìyà ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ẹbí rẹ̀ wá owó ìtúsílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó kéré tán 120,000 ènìyàn wà nínú irú ìgbèkùn bẹ́ẹ̀ ní Myanmar, àti nǹkan bí 100,000 ní Cambodia. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Thailand gé iná àti epo tó ń lọ sí agbègbè náà, wọ́n sì tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú wọn.

Ẹrù tí a kò fúnra wa dì

Ẹ má gba ẹrù ẹlẹ́rù, ìbáà ṣe ti ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ti ará ìjọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2007, wọ́n yẹgi fún ọmọ Nàìjíríà kan, Iwuchukwu Amara Tochi, ẹni ọdún 21, ní Singapore. Ọdún 2004 ni wọ́n bá heroin tó lé ní gíráàmù 700 lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ní egbòogi ìbílẹ̀ ni òun rò pé ó jẹ́. Ilé ẹjọ́ kò gbà. Ní Thailand náà, ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú lè jẹ́ èrè ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wọ̀lú. Kódà oògùn ìrora tó ní kódíìnì nínú wà lábẹ́ òfin níbẹ̀. Ẹ má mú un dání láìní ìwé dókítà.

Bí a bá ti débẹ̀

Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀, bí àwa náà ti ń ṣe kí a tó yí sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ẹ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ọba wọn: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí 15 ni. Ẹ má fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni, ẹ sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé òrìṣà wọn. Ẹ kọ àwọn nọ́mbà wọ̀nyí sínú ìwé: 1155 fún ọlọ́pàá àlejò, 191 fún ọlọ́pàá, 1669 fún ọkọ̀ aláìsàn. Nàìjíríà ní ilé iṣẹ́ aṣojú ní Bangkok. Nílé níbí, NAPTIP ni kí ẹ fi ẹjọ́ ajẹ́ńtì tí ẹ bá fura sí sùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí

Ìyá aláṣọ kó ìwé rẹ̀ wá, ó pé, a yá a lówó. Ó lọ, ó bọ̀, ó sì ti ń san án. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bínú lọ. Títí di òní kì í kí wa dáadáa. A fara mọ́ ọn. Ó sàn kí ó máa bínú sí wa ní Dópẹ́mú ju kí á máa dá owó ìtúsílẹ̀ rẹ̀ jọ, kí àwọn onídùúró rẹ̀ sì máa san gbèsè ẹni tí a kò mọ ibi tó wà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kí a jọ bi ara wa ní ìbéèrè, ìyẹn gan-an ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Àwọn ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín físà ìbẹ̀wò àti ìwé àṣẹ iṣẹ́?
2. Àwọn ìwé wo ni ìgbìmọ̀ yín gbọ́dọ̀ rí kí ó tó yá arìnrìnàjò lówó?
3. Bí ajẹ́ńtì kò bá dárúkọ ilé iṣẹ́, kí ni onídùúró yóò ṣe?
4. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà láàárín yín tí irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí? Kí ó sọ ọ́ jáde lónìí, kó tó sanwó.