Ìṣílọ Láti Orí Ètò Adarí-Ẹ̀rọ Kan sí Òmíràn

Nínú gbogbo ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ọ̀kan ni olórí wọn. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ náà, òun ni ó ń tọ́jú fáìlì, òun náà ni ó sì ń gba ohun tí a bá tẹ̀. Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni ètò adarí-ẹ̀rọ. Windows, macOS àti Linux wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi èyí tí ó ti mọ́ wọn lára sílẹ̀ àfi bí ọ̀ràn bá dé. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, àkókò ìtọ́jú Windows 10 dópin, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ tuntun lè yà sí Linux, èyí tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

A lè pe irú kíkúrò bẹ́ẹ̀ ní ìpààrọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tó. Ẹni tí ó pààrọ̀ aṣọ kò ru ẹrù kankan. Ìṣílọ ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣílọ kó ẹrù ilé dání, ìdí ẹrù náà gan-an ni wàhálà sì wà.

Ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì rí èyí. Ní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kó ẹ̀rọ tí ó tó 14,000 kúrò lórí Windows NT lọ sórí Linux. Àwòṣe lẹ́tà tí àwọn ọ́fíìsì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò ọ̀tọ̀ kan, WollMux, ni wọ́n ṣe nítorí rẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó kéde pé iṣẹ́ parí. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ náà dìbò pé kí wọ́n padà sórí Windows.

Àwọn ìṣòro kéékèèké kò lóǹkà. Lójú Windows, «Iwe» àti «iwe» jẹ́ orúkọ kan náà. Lójú Linux, méjì ni wọ́n. Àmì méjì ni Windows fi ń parí ìlà ọ̀rọ̀, ọ̀kan ni ti Linux. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fi ń ránṣẹ́ láyé àtijọ́ ni ó bí méjì náà: ọ̀kan ń dá orí ìtẹ̀wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, èkejì ń yí ìwé sókè. Títí di ọdún 2018, bí a bá fi Notepad ti Windows ṣí ìwé tí ó ti orí Linux wá, ńṣe ni gbogbo ìlà rẹ̀ ń so kọ́ra.

Ti lẹ́tà Yorùbá ló le jù. Unicode, ìlànà tí ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní ọ̀kan fún é, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ẹ́. Nítorí náà, a lè fi nọ́ńbà méjì kọ ọ́: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn. A sì lè fi mẹ́ta kọ ọ́: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Ó yẹ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà àkànpọ̀, kí a sì pe èkejì ní ọ̀nà ìtúká. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. HFS+, ìlànà ìtọ́jú fáìlì tí Apple gbé jáde ní ọdún 1998, a máa tú orúkọ fáìlì ká. Linux, ní tirẹ̀, a máa tọ́jú orúkọ bí ó ṣe bá a. Bí a bá wá gbé fáìlì tí ń jẹ́ «Ẹ̀kọ́» láti orí irú ẹ̀rọ Apple bẹ́ẹ̀ wá sórí Linux, a ó máa fojú rí i, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà àkànpọ̀, ẹ̀rọ lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò ní orúkọ fún ọ̀nà méjèèjì yóò rò pé fáìlì bàjẹ́.

Àwọn ìwé tí a fi fọ́ǹtì ìgbà tí Unicode kò tí ì gbilẹ̀ tẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, àwòrán ẹ tàbí ọ̀ ni a kàn fi sí ipò àmì mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí ẹ̀rọ tuntun, ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò di jágbajàgba. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yí sí Unicode lórí ẹ̀rọ àtijọ́, níbi tí a ṣì ti lè kà á, kí a sì fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà dé ìlà, kí ìṣílọ tó bẹ̀rẹ̀.