Ẹsẹ̀ Màmá Wú: Ṣé Abẹ́rẹ́ Onítànṣán Kò Léwu?

*Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún màmá wa. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì wọn wú, mímí sì wá nira fún wọn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ ti dé ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fẹ́ fún wọn lábẹ́rẹ́ purotéènì tó ní ìtànṣán, kí wọ́n tó ya àwòrán. Ẹ̀rù ń bà wá. Ṣé kò ní fa jẹjẹrẹ? Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ lè sún mọ́ wọn?* — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Bí wọn ò bá tíì sí nílé ìwòsàn, ẹ gbé wọn lọ kíákíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí àdí wọ́ ẹsẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já nínú iṣan, kó gba inú ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Fífi purotéènì onítànṣán wá ẹ̀jẹ̀ tó dì ti pẹ́. Fibrinogen ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn dókítà, tí Vijay Kakkar ti King's College Hospital ní London wà lára wọn, so áyódíìnì onítànṣán mọ́ ọn, wọ́n sì fi gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Lójoojúmọ́, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀, láti itan sísàlẹ̀, wọ́n á máa ka iye ìtànṣán níbì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó bá ti ga ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò sì wálẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú rẹ̀ kò wú, kò sì dun ẹni tó ni ín! Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè wá ìdènà. Ní 1975, nínú ìwádìí tí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lé ní 4,000, ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró pa ènìyàn 16 láàárín àwọn tí kò gba heparin, oògùn ìdènà náà. 2 péré ló pa láàárín àwọn tó gbà á.

Wọn ò lo fibrinogen yẹn mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń rí i, ó sì lè kó àrùn mẹ́dọ̀wú ranni; kì í sì í rí ẹ̀jẹ̀ tó dì lókè itan dáadáa. Ẹ̀rọ aláwòrán ìró, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, la fi ń wo ẹsẹ̀ báyìí.

Purotéènì ti màmá yàtọ̀: albumin ni, technetium onítànṣán ni wọ́n so mọ́ ọn. Yóò tàn ká inú àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá dí, kò ní lè débẹ̀, ibẹ̀ yóò sì ṣófo nínú àwòrán.

Ní ti jẹjẹrẹ, ìtànṣán náà kéré, ewu rẹ̀ sì kéré gan-an. Wákàtí 6 péré ni agbára technetium fi ń dín sí ìdajì. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù. Kí màmá máa mu omi, kí wọ́n máa tọ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ-ọmọ lè wá kí wọn. Kí màmá kàn má gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra pẹ́ lọ́jọ́ náà. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹ̀dọ̀fóró, tí a kò tọ́jú, lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ síwèé, kí wọ́n ya àwòrán náà lónìí.