Ewu Tó Wà Nínú Fífi Kọ̀ǹpútà Ṣiṣẹ́ Nílé àti Ọ̀nà Láti Dín In Kù

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà dà bí iṣẹ́ tí kò lè pa ènìyàn lára, nítorí òṣìṣẹ́ kò ru ẹrù, kò gun àjà, oòrùn kò sì pa á. Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé iṣẹ́ ìjókòó ní àrùn tirẹ̀. Ní ọdún 1700, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ronú kan kọ̀ǹpútà, Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn tí oríṣiríṣi iṣẹ́ ń fà, nígbà tí ó sì kan àwọn akọ̀wé nínú àfikún tí ó ṣe sí i ní ọdún 1713, ohun mẹ́ta ni ó kà sí wọn lọ́rùn: ìjókòó pípẹ́ láìdìde, ọwọ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ lójú kan náà, àti làálàá ọpọlọ ẹni tí kò fẹ́ ṣàṣìṣe. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló ṣì wà nídìí ọ̀ràn yìí lónìí, nítorí kì í ṣe ìtànṣán inú ẹ̀rọ ló ń ṣe ìpalára jù, bí kò ṣe wíwà lójú kan fún wákàtí púpọ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wá sílé, àwọn kan nínú wọn kò sì padà mọ́. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé wọn bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n àga tí a lè gbé sókè sódò kò tẹ̀ lé wọn. Orí tábìlì oúnjẹ, orí àga onítìmùtìmù ní pálọ̀, tàbí orí ibùsùn gan-an ni iṣẹ́ bá kù sí.

Ojú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi ìyà hàn. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo iwájú ẹyinjú nígbà gbogbo, ọ̀rá díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó tètè gbẹ. Ìgbàkúùgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú ni ìpéǹpéjú ń tún omi náà tẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ a máa ṣẹ́jú tó ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà lè má ṣẹ́jú tó ìlàjì rẹ̀, omi náà a sì gbẹ, ojú a máa ta, a máa yún, a sì máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Fáànù tó kọjú sí òṣìṣẹ́ ń mú un burú sí i, ọyẹ́ náà sì ń dá kún un, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló yẹ kí fáànù ti máa fẹ́.

Yàtọ̀ sí gbígbẹ, iṣan kékeré kan wà nínú ẹyinjú tí ń fún pọ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń wo ohun tó wà nítòsí, tí ó sì ń dẹ̀ nígbà tí ó bá wo ọ̀ọ́kán. Wákàtí mẹ́ta nídìí kọ̀ǹpútà jẹ́ wákàtí mẹ́ta tí iṣan yìí kò sinmi. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ojú fi ń dámọ̀ràn ìlànà tí wọ́n ń pè ní 20-20-20, èyí tó ní kí òṣìṣẹ́ gbé ojú kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ó sì wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn bíi mítà 6, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọ̀pọ̀ yàrá kò gùn tó mítà 6, èyí ló fi dára kí tábìlì wà nítòsí fèrèsé, kí ojú lè rí òrùlé ilé kejì, ṣùgbọ́n kí fèrèsé náà wà ní ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa dán lójú ẹ̀rọ, bí ó bá sì wà níwájú, oòrùn á máa kọ mọ̀nà sí i lójú. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ń lo gíláàsì ìkàwé tún ní ìṣòro tirẹ̀: ibi tí ìwé máa ń wà lọ́wọ́ ni wọ́n wọn gíláàsì náà fún, kọ̀ǹpútà sì jìnnà ju ìyẹn lọ, ni ó bá ń na ọrùn síwájú kí ó tó lè ríran. Kí ó sọ fún ẹni tó ń wọn ojú rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó.

Àwọn tó ń ta gíláàsì a máa polówó èyí tí wọ́n ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù. Àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2023, èyí tó kó ìwádìí 17 jọ, kò rí i pé gíláàsì bẹ́ẹ̀ ń dín àárẹ̀ ojú kù. Owó rẹ̀ ìbá sàn kí a fi ra àga. Ohun tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni oògùn ojú tí a kàn rà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn kan nínú wọn ní èròjà sitẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tí ó lè mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú ga. Ìfúnpá gíga náà ló sábà máa ń bá glókómà rìn, àìsàn tí ń jẹ iṣan ìríran láìdunni, tí ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kọ̀ǹpútà kì í fa glókómà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń di gbogbo ẹ̀sùn ojú rẹ̀ ru kọ̀ǹpútà lè má tètè mọ̀ pé ó ní in.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn lápútọ́ọ̀pù, ní àbùkù kan láti ibi tí wọ́n ti ṣe é: ojú rẹ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀ so pọ̀. Bí bọ́tìnnì bá bá ọwọ́ mu, ojú ẹ̀rọ á rẹlẹ̀ jù fún ọrùn. Bí ojú ẹ̀rọ bá sì bá ojú mu, èjìká ni yóò máa ga sókè. Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílò 5, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń tẹ̀ síwájú ni ó ń wúwo sí i lórí ọrùn. Kenneth Hansraj, oníṣẹ́-abẹ eegun ẹ̀yìn ní New York, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 pé bí orí bá tẹ̀ síwájú tó dígírì 60, ẹrù tí yóò máa wọ ọrùn lọ́rùn á tó kílò 27, èyí tó ju ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. A lè to ìwé nípọnnípọn tàbí páálí líle sábẹ́ lápútọ́ọ̀pù títí etí rẹ̀ lókè yóò fi bá ojú dọ́gba, kí ó sì jìnnà tó ọwọ́ nínà, lẹ́yìn náà kí a so àtẹ bọ́tìnnì mìíràn àti máòsì mọ́ ọn, kí a gbé wọn sísàlẹ̀ níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti lè fara ti ìhà. Tábìlì oúnjẹ sábà máa ń ga fún ẹni kúkúrú; bí ó bá fi tìmùtìmù ga ara rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀ mọ́, etí àga á sì máa tẹ̀ ẹ́ nítan, nítorí náà àpótí ìtìsẹ̀ di dandan. Aṣọ ìnura tí a ká, tí a fi há ẹ̀yìn ìbàdí, á ṣe ohun tí àga olówó ńlá ń ṣe.

Nínú ọrùn-ọwọ́, ihò tóóró kan wà tí okùn iṣan mẹ́sàn-án tí ń fa àwọn ìka ń gbà kọjá pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Bí ọrùn-ọwọ́ bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí inú ihò náà sì wú, iṣan ìmọ̀lára yìí ni yóò fún mọ́, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e á sì máa kú, pàápàá lóru. Ẹni tí èyí bá ń ṣe kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ìka kò ní lè di ife mú.

Ní ti ìbàdí dídùn, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń fẹ̀sùn kàn nílẹ̀ Yorùbá, tí wọn á sì wá àgbo rẹ̀ mu, nígbà tó jẹ́ pé ìjókòó wákàtí mẹ́fà lórí àga pálọ̀ ló jẹ̀bi. Àgbo kò lè tún àga ṣe. Kí òṣìṣẹ́ máa dìde ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí ó rìn lọ bu omi mu, kí ó sì máa dúró dá ìpè fóònù lóhùn.

Orí fífọ́ tún nílò ìṣọ́ra mìíràn níbi tí iná kì í ti í dúró, nítorí ó lè má jẹ́ kọ̀ǹpútà ló fà á, bí kò ṣe jẹnẹrétọ̀. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì wà, èyí tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń dẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kíá, kí wọ́n ṣí ilé sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kò sí ojú fèrèsé tó ṣí tó láti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bákónì. Kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992 lórí iṣẹ́ ojú ẹ̀rọ sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti yẹ ibi iṣẹ́ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ wò, ìbáà jẹ́ ilé ni ó ti ń ṣe é, kí ó sì sanwó àyẹ̀wò ojú bí òṣìṣẹ́ bá béèrè. Òfin tí Nàìjíríà ní lórí ààbò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn fáktọ́rì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ilé ẹni. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan lè béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ó tó fọwọ́ sí i, ta ni yóò ra àga, ta ni yóò ra àtẹ bọ́tìnnì, àti ìgbà mélòó ni ìsinmi wà láàárín ọjọ́.