Bí A Bá Ń Sunkún Ọgbà Ìṣeré, Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ríran

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Wọn ò ní ká má sunkún o. Ẹkún tó ń bo ẹni lójú ni wọ́n ń bá wí, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń sun ún mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Òwe yìí yẹ lọ́kàn wa nígbà tí a bá jókòó tí a ń rántí àwọn ọgbà ìṣeré tó ti kógbá sílé: ibi tí a ti gun ẹṣin onígi tó ń yí po, ibi tí a ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbéni ròkè, tí ìyá wa dúró nísàlẹ̀ tó ń juwọ́ sí wa.

Ìrántí bẹ́ẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi du ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá parí sórí "ayé àtijọ́ ló dára", kò ṣe ọmọ tó wà nílé lónìí ní oore kankan. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí tí àgbà fi ń wẹ̀yìn ni pé ó fẹ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Ọgbà kọ̀ọ̀kan tó ti kú ló ní ohun tó pa á. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú yóò wádìí ohun náà, kí èyí tó kù má baà kú irú ikú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ṣe ibùgbé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1968, Roy Hofheinz, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú náà rí, ṣí ọgbà ìṣeré AstroWorld sí òdìkejì Astrodome, pápá ìṣeré olórùlé tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Nígbà tó di ọdún 1976, wọ́n kọ́ Texas Cyclone síbẹ̀, ọ̀nà ojú irin onígi tí ọkọ̀ fi ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń kígbe tẹ̀rù-tayọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú náà ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé wọn. Àmọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ọgbà náà pa. Gbèsè wà lọ́rùn Six Flags tó ni ín, àwọn olórí ilé iṣẹ́ náà sì gbà pé ilẹ̀ yẹn níye lórí ju eré tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mílíọ̀nù dọ́là 77 ni wọ́n rí lórí ilẹ̀ náà, èyí tó kéré gan-an sí ohun tí wọ́n ń retí, ọ̀pọ̀ ọdún ni ilẹ̀ náà sì fi wà lásán láìsí ilé lórí rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Àwọn tó ta AstroWorld ka iye tí ilẹ̀ yóò mú wá, wọn ò ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Travis Scott, olórin ọmọ Houston, wà lọ́mọdé nígbà tí ọgbà náà ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2018, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí wọ́n tì í, orúkọ rẹ̀ ló fi sọ àwo orin tó gbé jáde. Ohun tó bá wọ ọmọdé lọ́kàn tó báyìí, kò sí oníṣirò tó lè fi owó díwọ̀n rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí èyí kò jìnnà sílé. Bí ẹbí bá ń ta ilẹ̀, bí ẹgbẹ́ onílé bá ń pín àdúgbò tuntun sí pulọ́ọ̀tì, kí wọ́n yọ ti àwọn ọmọdé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ó hàn lórí pílánì tí sọ́feyọ̀ yà, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ilẹ̀ ìṣeré tí kò sí nínú ìwé, ẹni tó bá rówó ni yóò kọ́lé sí i. Jangilófà kan àti iyanrìn díẹ̀ lábẹ́ igi ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ojú owó ló pa AstroWorld. Ikú kejì ni ikú àìtọ́jú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdajì òwe yìí la máa ń mú lò, tí a bá fẹ́ tu ẹni tí nǹkan ti yí padà fún nínú. Ìdajì kejì ni ìmọ̀ràn wà: nítorí pé nǹkan ń yí padà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá bàjẹ́.

Ọgbà ìṣeré Battersea ní London ṣí lọ́dún 1951, nígbà àjọ̀dún tí ìjọba Bìrìtìkó fi tu àwọn ènìyàn lára lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ọmọdé nílùú náà nígbà yẹn ló mọ Big Dipper, ọkọ̀ ojú irin onígi tó jẹ́ ògo ibẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ọkọ̀ náà já kúrò lára okùn tó ń fà á gòkè. Bíréèkì tó yẹ kó gbá a mú kò mú un. Ó fi ẹ̀yìn yí wálẹ̀, ó sì forí sọ. Ọmọ márùn-ún ló kú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fara pa. Wọ́n wó Big Dipper, èrò fà sẹ́yìn, ọdún 1974 ni ọgbà náà sì parí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gbogbo ẹ̀rín tí a ti rín níbì kan láti ogún ọdún kò tó láti tu ìyá kan nínú tí ọmọ rẹ̀ kò bá padà délé.

Àìtọ́jú a tún máa pani díẹ̀díẹ̀ láìsí jàǹbá kankan. Ní Ìbàdàn, ariwo ọgbà ìṣeré Transwonderland gba ìlú kan nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí òǹkọ̀wé Noo Saro-Wiwa dé ibẹ̀, ó bá ẹ̀rọ ìṣeré tó ti ń dípẹtà, tí èrò ò sì tó nǹkan. Ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tó jáde lọ́dún 2012, ọgbà náà ló fi sọ lórúkọ. Ọgbà ìṣeré lè ti kú kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé ọmọ sórí ẹ̀rọ ìṣeré kankan, ẹ kọ́kọ́ dúró wò ó kó yí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láìsí ọmọ yín nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i: irin tó bá ń hán tàbí tó ń gbọ̀n ń kéde ara rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì tó wà lórí ìjókòó fúnra yín, ẹ wo ìdí òpó níbi tí ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń darí rẹ̀, bóyá ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ tàbí fóònù ló tẹjú mọ́. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí ẹ́ńjíníà yẹ ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má gbé ọmọ yín sí i, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó. Ọmọ lè sunkún. Ẹkún ọmọ kò ju wákàtí kan lọ.

Ohun kẹta le sọ, ṣùgbọ́n ìrántí tí kò bá gba òtítọ́ kò lè kọ́ni lọ́gbọ́n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ọgbà kan wà lẹ́bàá Baltimore tó ń jẹ́ Gwynn Oak. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ṣe ọmọdé níbẹ̀ fẹ́ràn ìrántí rẹ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹnu géètì lọmọ dúdú ti ń gbọ́ orin tí ẹṣin onígi fi ń yí. Láti ọdún 1955 ni àwọn ènìyàn ti ń fẹ̀hónú hàn níwájú ọgbà yìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1963, ọlọ́pàá kó èyí tó ju 200 lọ nínú wọn, dúdú àti funfun, àwọn àlùfáà sì wà láàárín wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọgbà ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ dúdú tó kọ́kọ́ gun ẹṣin onígi náà ni Sharon Langley, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Martin Luther King ń bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Washington. King mọ ẹdùn ọ̀rọ̀ yìí nílé ara rẹ̀: nínú lẹ́tà tó kọ látinú ẹ̀wọ̀n Birmingham ní ọdún kan náà, ó sọ bó ṣe nira tó láti ṣàlàyé fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé wọn kì í gba ọmọ dúdú ní Funtown, ọgbà ìṣeré tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwa náà ní irú ìrántí olójú méjì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Èkó yóò rántí Bar Beach, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. Òkun ń jẹ ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, títí tí wọ́n fi dí i tí wọ́n sì tẹ Eko Atlantic dó síbẹ̀. Etíkun yẹn kan náà ni wọ́n ti ń yìnbọn pa ọ̀daràn ní gbangba láwọn ọdún 1970, tí ọ̀pọ̀ èrò ń wòran. Bí a bá ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún ọmọ, ẹ jẹ́ ká sọ méjèèjì nígbà tó bá dàgbà tó láti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa nípa ọgbà tó wà nítòsí wa lónìí: ọmọ ta ni kò lè wọ ibí? Ṣé owó ìwọlé ni? Ṣé ọmọ arọ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ni kò rí ọ̀nà gbà? Ọgbà tó bá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó kò ní tìtorí ìyẹn kógbá sílé.

Bí ọgbà bá fẹ́ kú tí kò sí ohun tó lè dá a dúró, ẹ yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tí Gwynn Oak parí lọ́dún 1972, lẹ́yìn ìkún omi tí ìjì Agnes fà, ẹṣin onígi rẹ̀ kò bá a lọ. Lọ́dún 1981, wọ́n gbé e lọ sí National Mall ní Washington. Ní Glen Echo, ọgbà mìíràn ní Maryland tó ti ìlẹ̀kùn lọ́dún 1968, wọ́n ta ẹṣin onígi tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti ọdún 1921. Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ, wọ́n sì rà á padà. Títí di òde òní làwọn ọmọdé ṣì ń gùn ún níbẹ̀, ọmọ dúdú àti funfun. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn kò dákẹ́.

Ohun tí kò ṣeé gbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àgbà ló ni ìtàn, ọmọdé ló mọ fóònù lò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba ohùn màmá àgbà sílẹ̀, kó má sì kàn béèrè pé "báwo ni ìgbà yẹn ṣe rí?" Kó béèrè ẹni tó mú wọn lọ, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, iye owó ìwọlé, ohun tí wọ́n jẹ, èwo ló bà wọ́n lẹ́rù. Ìbéèrè kéékèèké ló ń tú àpò ìrántí. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, nítorí bírò a máa ta sójú fọ́tò. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, nítorí fóònù ń sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ìwọlé, ẹ yọ owó àtúnṣe kí ẹ tó pín èrè. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ rán ẹ́ńjíníà sí gbogbo ibi ìṣeré kí ọdún Iléyá àti Kérésìmesì tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọgbà tí ọmọ yín yóò máa rántí lọ́gbọ̀n ọdún òní ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ mú un lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kó gùn ún tẹ́rùn.