Bíbo Àṣírí Kò Jọ Fífi Àrùn Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ní etí omi Ìlàjẹ mọ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ: ẹni tiwa tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò lè wa ọkọ̀ lọ sójú omi mọ́, ògógóró ni ó fi ń jí. Ìyá wa á ní ibà ni. Bàbá á sọ ní mọ́sálásí pé ó rìnrìn àjò. Wọ́n á ta ẹja yíyan láti fi san gbèsè ọtí. Àwa àbúrò á gbọ́, a ó sì dákẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: gbèsè ni a ń wò, àrùn wà níbẹ̀.

Ìtìjú ni ó fa èyí. A mọ̀ pé Súrà Al-Má'idà, ẹsẹ 90, ti ka ọtí léèwọ̀, ẹ̀rù ẹnu ayé sì ń bà wá. A tún máa ń rántí pé Ànábì (s.a.w.) yin ẹni tí ó bá bo àṣírí arákùnrin rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó kọ́ wa pé kí á ran arákùnrin wa lọ́wọ́ bí ó tilẹ̀ ń ṣe àbòsí, nípa dídá a lọ́wọ́ kọ́. Kí á má tú u síta fún olófòófó ni bíbo àṣírí. Kí á fi pamọ́ fún oníṣègùn, ìyẹn kì í ṣe bíbo àṣírí mọ́.

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà sí wa. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n ń dákú, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé tí à ń pè ní methanol ni, láti inú ògógóró. Ìtọ́jú wà fún májèlé yìí bí dókítà bá tètè mọ ohun tí aláìsàn mu. Ilé tí ó bá ní "ibà ni" ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtọ́jú.

Kí ni kí á ṣe?

1. Kí á má purọ́ fún un mọ́, kí á má sì san gbèsè ọtí rẹ̀.

2. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, kí á kúnlẹ̀ tàbí kí á dọ̀bálẹ̀, kí á bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Nínú hadiisi Bukhari, wọ́n jẹ ọkùnrin kan níyà léraléra nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ èpè fún un, Ànábì kọ̀ ọ́, ó ní ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

3. Kí á sọ fún àgbàlagbà kan tàbí àlùfáà tí ó mọ ọ̀rọ̀ pamọ́.

4. Kí á má tì í mọ́lé, kí á má sì dè é. Ẹni tí ó ti ń mu ún kíkankíkan fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókọ̀dá ni kí á kọ́kọ́ gbé e lọ. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn, àjọ NDLEA náà sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn.

5. Kí á máa ṣe àdúà fún un, kí á má sì fi àdúà rọ́pò ìtọ́jú.

Ìbéèrè fún ìjókòó wa: Ta ni a ń dáàbò bò nígbà tí a bá dákẹ́, ṣé aláìsàn ni tàbí orúkọ ilé? Ta ni a lè kọ́kọ́ sọ fún?

Kí Ọlọ́hun tú àwọn ẹni wa sílẹ̀ nínú ìdè yìí, kí Ó sì fún wa ní ẹnu láti sọ òtítọ́ pẹ̀lú àánú. Àmín.